Tiwa Yàtọ̀

Bí gbogbo kíláàsì bá gba ìdáhùn kan náà, inú olùkọ́ mìíràn á dùn. Tèmi kì í dùn. Ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ nílùú Àkúrẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí iṣẹ́ náà sì kọ́ èmi gan-an ni pé bí ìdáhùn gbogbo wọn bá jọra, tí àṣìṣe wọn tún jọra, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe iṣẹ́ náà, àwọn tó kù jí i wò ni. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ara mi lélẹ̀ bí mo bá wà láàárín èèyàn tí gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà, tí wọ́n ń fọwọ́ sọ̀yà. Màá máa yí lórí àga. Màá máa wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, màá máa wá ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Àwọn ọmọ mi ní àìsàn ni. Ó lè jẹ́ àìsàn lóòótọ́.

Ohun kejì tí mo máa ń pariwo rẹ̀ ní kíláàsì ni pé, “Ohun tó o bá ṣe sí apá òsì, ṣe é sí apá ọ̀tún!” Bí o bá yọ márùn-ún lápá kan, yọ márùn-ún lápá kejì. Má wá sọ fún mi pé apá ọ̀tún yàtọ̀. Àwọn ọmọ a máa fi gbólóhùn yìí sín mi jẹ lẹ́yìn wíńdò, wọ́n á máa fi ohùn mi sọ ọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà a máa rẹ́rìn-ín tí mo bá ti yí ẹ̀yìn sí wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Oǹdó. Òun ni àgbà ọkùnrin nínú ẹbí wa báyìí. Wọ́dìn ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá sì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ó rò pé Bíbélì ló ń kà fún ìjọ.

“Tíṣà,” bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, “máa bọ̀ nílé ní Sátidé. Ẹbí ń ṣèpàdé. A fẹ́ lé Bàbá Ìgbìrà kúrò lóko.”

“Háà! Kí ló ṣe?”

“Ṣé ó dìgbà tó bá ṣe nǹkan?”

Ó pa fóònù. Ògì tí mo ń rò lórí iná ti ṣe kókó kí n tó rántí rẹ̀.

Láti apá Òkènè ni Bàbá Ìgbìrà ti wá, nígbà tí bàbá wa ṣì wà láyé. Ebè ló kọ́kọ́ ń bá wa kọ. Nígbà tó yá, bàbá wa fún un ní ilẹ̀ kan lẹ́bàá odò nínú oko wa ní ẹ̀yìn ìlú Oǹdó, ó ń dá oko tirẹ̀ níbẹ̀, ó bímọ síbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì kú síbẹ̀. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, á gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá sílé wa: iṣu, epo pupa, nígbà mìíràn àkùkọ adìyẹ kan. Ohun tó ń fi ìṣákọ́lẹ̀ yẹn sọ ni pé, “Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀.” Àwa náà, bí a bá ti jẹ ẹ́, a ti dá a lóhùn pé, “Máa dáko lọ títí iṣu tuntun á tún fi jáde.” Bó ṣe rí láyé bàbá wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì rí láyé bàbá tó bí i. Bí ẹbí kan bá fẹ́ gba ilẹ̀ wọn, wọn ò ní fọwọ́ kan iṣu náà, wọ́n á dá a padà láìbó.

Ẹ má rò pé ìtàn ẹni mímọ́ ni mo fẹ́ sọ o. Bàbá Ìgbìrà lágídí. Ó máa ń sún ààlà díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá sì mú un, á ní àgbàrá ló gbé òkúta ààlà lọ. Nínú iṣu rẹ̀, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń kó wá fún wa; àwọn tó tóbi ń lọ sọ́jà. Èmi àti ẹ̀ ti jà rí lórí igi kòkó méjì tó gé láì bi ẹnikẹ́ni, ó sì bú mi ní èdè rẹ̀, mo mọ̀ pé èébú ni nítorí pé ọmọ rẹ̀ obìnrin fọwọ́ bo ẹnu.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń ba ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Wọ́n jí ọkùnrin kan gbé lójú ọ̀nà oko wa, ọmọ àdúgbò wa, òun àti ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó padà wálé, ṣùgbọ́n kò tíì padà tán. Iwájú ilé ló máa ń jókòó sí, bí ọ̀kadà bá sì dún lójijì, á fò dìde. Kò kọrin mọ́. Ta ló jí i gbé? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àmọ́ kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo Oǹdó ti ní ìdáhùn, ìdáhùn kan náà: àwọn àlejò inú oko ló ń júwe ọmọ onílẹ̀ fún àwọn ajínigbé. Èmi náà ò débi oko yẹn mọ́ látìgbà náà. Ẹ̀rù ń bà mí. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé mo kàn jókòó sí Ijapo, àdúgbò tí mò ń gbé ní Àkúrẹ́, tí mò ń kọ́ ẹni tí iná ń jó lọ́gbọ́n.

Nítorí pé ní Ijapo náà, a ní tiwa. Àwọn olè wọ ilé méjì ládùúgbò wa, wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n àti bátìrì sólà lọ. Àwọn onílé pe ìpàdé. Alága wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́, tó máa ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ní láti ìsinsìnyí lọ, kí àwọn máígádì má ṣe jẹ́ kí alábàárù, ọlọ́jà kiri, ọlọ́kadà tàbí lébìrà tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí wọ inú ẹ̀sítéètì mọ́, àfi bí onílé bá jáde wá dúró fún un. Ó ní, “Ẹ ṣáà mọ àwọn tí mò ń sọ.” A mọ̀ wọ́n. Ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè, ọwọ́ tèmi wà níbẹ̀. Ara mi yí díẹ̀ lórí àga. Mo sọ fún ara mi pé kó jókòó jẹ́ẹ́, pé géètì lásán ni, kì í ṣe ilẹ̀ ẹnikẹ́ni là ń gbà.

Nígbà tó di Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. A ò tíì dé Ọwẹ́nà tí òṣèlú ti bẹ̀rẹ̀ nínú mọ́tò. Ọkùnrin kan tó dé fìlà, tó jókòó síwájú, ń bínú pé àwọn tó wà lórí ìjọba báyìí, ọmọ ìlú wọn nìkan ni wọ́n ń fi sípò. Ó ní ojúsàájú gbáà ni, pé Ọlọ́run á bi wọ́n. Dírẹ́bà wá bi í pé bí ìjọba bá kan apá tiwọn ńkọ́? Ọkùnrin náà gbé fìlà rẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó ní, “Àwa náà á rántí àwọn èèyàn wa. Ṣebí ó kàn wá ni.”

Ẹ wò ó, mo gbìyànjú láti dákẹ́. Mo wo igbó lójú fèrèsé. Mo ka òpó iná. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ wo lẹ pe nǹkan yẹn nígbà tó wà lọ́wọ́ tiwọn?”

Ó yíjú padà. “Màmá, ẹgbẹ́ wo lẹ wà?”

“Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹgbẹ́ tiwọn lẹ wà nìyẹn.”

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fọwọ́ tọ́ mi nítan, ó ní, “Màmá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ò dáa.” Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka òpó iná.

Pálọ̀ bàbá wa ni a ti máa ń ṣèpàdé, lábẹ́ fọ́tò rẹ̀. Bàbá wa ló fi í lélẹ̀ pé láti orí àbúrò ni kí ọ̀rọ̀ ti máa gòkè, kí ẹnu àgbà má baà dí ti ọmọdé. Ìlànà tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ẹbí láràárọ̀, nítorí náà kí àwọn àbúrò tó la ẹnu, wọ́n ti jí ìdáhùn wò. Ẹni àkọ́kọ́ ní, “Kó máa lọ.” Ẹni kejì ní, “Kó máa lọ, a ò mọ ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀.” Ó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń bọ̀, kó máa lọ, kó máa lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà láàárín wọn. Òun náà ní kó máa lọ. Mo wò ó, ó wo ilẹ̀.

Ó wá kàn mí. Lẹ́yìn mi, ó ku ẹ̀gbọ́n mi àti Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ni àbúrò bàbá wa obìnrin, òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó fi ìborùn wé ara, ojú rẹ̀ ti ṣú, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ nígbà tó bá wù ú.

Mo ní, “Ìbéèrè kan ni mo ní. Kí ló ṣe?”

“Àwọn èèyàn ẹ̀ ni, Àǹtí,” ọ̀kan nínú wọn dáhùn.

“Mi ò bèèrè àwọn èèyàn ẹ̀. Òun ńkọ́? Kí lòun ṣe?”

“A ò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.”

“Bí a ò bá mọ̀, ṣé àìmọ̀ wa ló wá di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀? Ta ló tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀ nínú wa?”

Wọ́n ń wojú ara wọn. Mo ti ń rò pé mo ti rí wọn mú, àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbójú sókè, tó ní, “Ìwọ ńkọ́, Tíṣà? Kí lorúkọ ẹ̀?”

Mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá Ìgbìrà la ṣáà ń pè é látilẹ̀wá. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n bí ojú bá ti ti èèyàn tán, á kúkú máa sọ̀rọ̀ lọ. Mo nawọ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wo ilẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Páàtì mọ́tò ló ń tà nílùú kan lókè Ọya. Àwọn Yorùbá méjì kan bá ọmọ ìlú náà jà nínú ọjà, ni wọ́n bá ní kí gbogbo Yorùbá kó ẹrù wọn. Ọmọ yìí ò sí lọ́jà lọ́jọ́ náà rárá. Báàgì kan ló gbé dé ilé. Inú pálọ̀ yìí náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti sunkún lójú gbogbo wa, tó ń lu àga, tó ń ní, “Kí lọmọ mi ṣe fún wọn? Ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n ni kí wọ́n mú!”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ lọ́jọ́ yẹn. Mo bá yín sunkún. Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ tún un sọ lónìí.”

“Tiwa yàtọ̀.”

“Ibo ló ti yàtọ̀?”

“Ọmọ mi ni!”

Ó pariwo rẹ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, òun nìkan ló sì ní láyà láti sọ ọ́ jáde. Ọmọ náà ṣì ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi nu ojú rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Tíṣà, ní Ijapo tó ò ń gbé, ṣé ẹ ò ti géètì mọ́ àwọn ará òkè ni? Ìwọ lo sọ fún ìyàwó mi. Kí làwọn yẹn ṣe? Ṣé olè ni gbogbo wọn?”

“Ìyẹn…” mo ní.

Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín! Àwọn ọmọ tí mo fà lọ́wọ́ lọ síléèwé ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, “Bí wọ́n bá jí ọmọ tìẹ gbé lọ́la, ṣé ìṣirò lo máa fi gbà á padà?”

Mo jókòó. Inú ń bí mi sí i, inú sì ń bí mi sí ara mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Mo fẹ́ sọ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mi ò sọ ọ́. Mo rántí ọkùnrin tó máa ń fò dìde níwájú ilé. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni Bàbá Ìgbìrà mọ nǹkan kan ńkọ́? Bí mo bá fi ẹnu mi dá a sí, tí wọ́n sì tún gbé ẹlòmíràn, ṣé màá lè wo ojú ìyàwó onítọ̀hún ní ṣọ́ọ̀ṣì? Mo yí lórí àga títí àga fi ń dún.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀ ti parí, pé bí a bá ti jẹun tán, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta á gun ọ̀kadà lọ sóko lọ sọ fún un. Ìyá Àgbà ò tíì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa rò pé ó ti sùn lọ. Oúnjẹ dé. Iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Ẹ mọ̀ wá, kò sí ìjà tó lè mú ará Oǹdó fi iyán sílẹ̀. A fọwọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Èmi náà jẹ. Mo fi ìbínú jẹ ẹ́, mo bu òkèlè ńláńlá.

Ìyá Àgbà jẹ díẹ̀, ó dúró, ó ń fi ìka ro iyán náà wò. Ó ní, “Iyán yìí fà dáadáa. Iṣu ibo ni?”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà, “Iṣu tí Bàbá Ìgbìrà gbé wá láàárín ọ̀sẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ìṣákọ́lẹ̀ tọdún yìí?”

“Òun ni, Ìyá.”

Gbogbo ọwọ́ dúró. Òkèlè wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ti kì í bọ ọbẹ̀, epo ń kán sínú àwo. Mi ò rí i kí ẹnu yà á tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. “Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Ẹ ò bi mí, Bàbá. Ṣọ́ọ̀ṣì lẹ wà nígbà tó dé. Ẹ wá ní kí n se oúnjẹ fún èèyàn báyìí, kò sì sí iṣu mìíràn nílé. Ṣé kí n lọ ra tọjà nígbà tí iṣu wà nílẹ̀ ni?”

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní kò burú, pé kí a ra iṣu mìíràn lọ́jà, kí a fi rọ́pò, kí a dá a padà fún un.

Ìyá Àgbà yíjú sí ibi tí ohùn náà ti wá. “Èyí tó wà níkùn mi ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé kí n bì í ni?”

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ìyá Àgbà tún bu òkèlè mìíràn, ó gbé e mì, ó mu omi. Ó wá ní, “A ti jẹ ẹ́. Ó dìgbà iṣu tuntun.” Ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú wa. Ẹ̀gbọ́n mi wo òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí, ó sì jẹ ẹ́.

Ẹ ó rò pé inú mi dùn. Inú mi ò dùn rárá. Ohun tí mo fẹ́ ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé wọ́n rí i pé ó tọ́. Iyán ló gba ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìrẹsì ni ìyàwó wa sè ńkọ́? Àwọn tó ní kó máa lọ ní aago méjìlá, àwọn náà ló ń ní kó dúró ní aago méjì, kò sì sí nǹkan kan tó yí padà lórí wọn láàárín méjèèjì, àfi ikùn.

Ẹ̀gbọ́n mi sìn mí dé gáréèjì. Òun ló gbé báàgì mi. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ tán, ó dúró ti fèrèsé. “Tíṣà, bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ kí iṣu tuntun tó jáde, ọrùn ta ni?”

“Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n.”

“Èmi náà ò mọ̀.” Ó gbé báàgì lé mi lẹ́sẹ̀. “Ẹ̀rù ń bà mí ni o. Kì í ṣe ìkà.”

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn nígbà tí mo padà dé Àkúrẹ́. Mo gba nọ́ńbà Bàbá Ìgbìrà lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo pè é. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?” Ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ pè mí lẹ́jọ́ ni?” Mo ní rárá o. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, ó wá sọ ọ́ fún mi, mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ó ní òun gbọ́ ohun tí mo sọ nípàdé. Ta ló sọ fún un? Oko ò jìnnà sílé. Ó ní òun á wá kí mi, mo sì júwe ilé fún un.

Mo rò pé ẹnu lásán ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Òun ni. “Ìyá, mo wà ní géètì yín. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé.”

Mo wọ bàtà sódì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré débẹ̀. Oòrùn mú gan-an. Bàbá Ìgbìrà dúró síta, àpò iṣu wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹnu àpò náà ṣí díẹ̀, mo sì rí wọn: iṣu ńlá, irú èyí tí kò gbé fún ẹbí wa rí láyé. Ọkùnrin kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, atúnbàtàṣe ni, ó gbé àpótí iṣẹ́ kọ́ èjìká, òun náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Máígádì wa, ará Ìjù nítòsí Àkúrẹ́, tí ẹnu rẹ̀ mú, jókòó sínú ìbòòji, ẹsẹ̀ kan lórí ìkejì.

“Kí ló dé tó ò jẹ́ kí wọ́n wọlé?” Mo ti ń bínú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó dìde, ó kí mi dáadáa. “Màmá, ẹ má bínú. Ṣebí òfin ni. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ nawọ́ sókè. Èmi ni mò ń pín omi.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀.”

Mo gbọ́ ọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Ó dún bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ ní pálọ̀, ohùn kan náà, ìkanra kan náà. Mo dárúkọ Bàbá Ìgbìrà fún máígádì, orúkọ rẹ̀ gan-an, mo pè é já gaara, bí ẹni pé ìyẹn á tún nǹkan ṣe. Bàbá gbójú sókè nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

“Ó dáa, Màmá,” máígádì ní. “Nígbà tí ẹ ti wá dúró fún wọn, kò sí wàhálà.” Ó fa irin géètì, ó ṣí i díẹ̀, ibi tí ẹnì kan lè gbà. Ó wá fi ẹnu júwe atúnbàtàṣe, ẹ̀rín ti ń bọ̀ lójú rẹ̀. “Ẹni yìí ńkọ́? Ṣé òun náà yàtọ̀ ni?”

Mo wo ọkùnrin náà. Mi ò rí i rí. Mi ò mọ̀ bóyá èèyàn dáadáa ni tàbí olè. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bó ṣe ń ṣàn lójú Bàbá, ó ń wò mí, kò bẹ̀ mí.

“Rárá,” mo ní. “Kò yàtọ̀. Jẹ́ kó wọlé.”

Máígádì rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣeré ni. Ó di géètì náà mú síbi tó ṣí i dé, kò ṣí i sí i. Bàbá gbé àpò iṣu rẹ̀, ó wo ibi tó ṣí náà, ó wo èmi. Mo jáde sí ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, mo dúró sínú oòrùn, mo sì ní kí máígádì pe alága wá.